Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé: ọ̀rọ̀ lórí kíkísítátà ọkọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Mọ́níyà)

  

Wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí kíkísítátà ọkọ̀: bí a ṣe lè mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, àti bí ẹni tí ó ní sípánà lọ́wọ́ ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Òṣìṣẹ́ tí ó ń jáde ní Mọ́níyà kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lọ gba iṣẹ́ òwúrọ̀, bí ó bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ kò dáhùn, owó ọjọ́ náà ti ń lọ nìyẹn. Awakọ̀ tí ó ní iye tí yóò kó fún ọlọ́kọ̀ ní alẹ́, bí aago mẹ́wàá bá lù tí kò tíì kúrò ní gáréèjì, gbèsè ni ó ń jẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹni tí ó ń gbé ọkọ̀ mọ bí nǹkan ti rí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tún ọkọ̀ ara wọn ṣe ní ọjọ́ ìsinmi.

A kò rí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ohun tí a rí tí kò dára ni èyí: òfin àábò tí a ń bá ọ̀gá jà lé lórí nílé iṣẹ́, òun kan náà ni a ń fi ẹsẹ̀ ara wa tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá wà lábẹ́ ọkọ̀ ara wa. Nílé iṣẹ́, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí yóò gbà kí wọ́n ní kí òun ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ tí wọn kò tíì pa iná rẹ̀. Nílé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí a bá wá nìyẹn.

KÍ SÍTÁTÀ TÓ DÉ

Mọ́níyà tí a wà yìí, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ó wà, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ là fún mọ́tò ní Nàìjíríà, ní 1906. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣáná sí ọkọ̀. Wọn a ki irin kan tí wọ́n ń pè ní háńdù bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ a sì fi gbogbo agbára yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, háńdù náà a gbá a lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọrùn ọwọ́ ni ó kán bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ní 1911 ni Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì, ilé iṣẹ́ Cadillac sì fi í sí ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kárí. Àwọn àgbà wa ṣì rántí háńdù lára bọ́lẹ̀kájà.

Ẹ̀rọ tí ó gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kíkán ni sítátà. Kò yẹ kí ó jẹ́ òun náà ni yóò wá ṣe wá léṣe lónìí.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ ni ó ń gba inú wáyà tín-ín-rín lọ sí sólénọ́ìdì, èyí tí ó dàbí agolo kékeré tí ó gun sítátà lẹ́yìn. Iṣẹ́ méjì ni sólénọ́ìdì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ti jíà kékeré tí à ń pè ní bẹ́ńdíìsì síwájú kí eyín rẹ̀ lè wọ inú eyín fuláíwíìlì. Ó sì ń pa bàbà méjì pọ̀ mọ́ra kí iná ńlá lè gba inú wáyà tí ó nípọn wọ sítátà. Sítátà a yí, ẹ́ńjìnnì a gbà. Bí a bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, bẹ́ńdíìsì a padà sí àyè rẹ̀.

Iná ńlá tí a wí yìí, kì í ṣe kékeré. Fún ọkọ̀ kékeré, ó lè lé ní 100 ámpíà. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ nílé, bí ó bá jẹ́ ti 1,000 wáàtì, kì í gbà ju 4 tàbí 5 lọ. Nítorí èyí ni ìdọ̀tí díẹ̀ lórí bátìrì fi lè dá ọkọ̀ dúró. Nítorí èyí kan náà ni sípánà tí ó bá ṣèèṣì kan ibi tí kò yẹ fi lè pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, kí ó sì jó ọwọ́ tí ó dì í mú.

KÍ A TÓ DÁ SÍTÁTÀ LẸ́BI

Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. A ti rí awakọ̀ tí ó yá owó ra sítátà, tí wọ́n bá a gbé e sí i tán, tí ọkọ̀ kò sì dáhùn. Wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ni ó ti jẹrà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wáyà yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó wò ó. Alátà kì í gba sítátà tí a ti lò padà, gbèsè náà sì dúró.

Ẹ pe ẹnì kan kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú ọkọ̀. Ẹ tan iná iwájú. Kí ẹnì kan máa wo iná, kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fetí sílẹ̀.

Èkíní: bí iná bá ti ṣe bàìbàì tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ ká-ká-ká-ká léraléra, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, tàbí orí bátìrì tí ó ti dẹ̀ tàbí tí ó ti hu èérí funfun.

Èkejì: bí iná bá mọ́lẹ̀ dáadáa tí kò wọlé, tí ẹ sì gbọ́ "tá!" ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, sólénọ́ìdì ti ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n iná ńlá kò kọjá. Bàbà inú rẹ̀ lè ti jẹ, tàbí kí káábọ̀nù inú sítátà ti tán.

Ẹ̀kẹta: bí iná bá mọ́lẹ̀ tí ẹ kò gbọ́ ohunkóhun, ẹ wo fíùsì, rélè, ojú kọ́kọ́rọ́ àti wáyà tín-ín-rín náà. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé jíà láti P sí N kí ẹ tún un gbìyànjú. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin: bí ẹ bá gbọ́ tí sítátà ń yí fúú lásán tí ẹ́ńjìnnì kò mira, bẹ́ńdíìsì kò mú, tàbí kí eyín fuláíwíìlì ti jẹ.

Ẹ̀karùn-ún: bí iná iwájú bá wọlé pátápátá tí nǹkan kan kò yí, tí bátìrì sì dára, sítátà lè ti gan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an ni ó gan, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti la omi òjò kọjá. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ọkọ̀ sí fíríì, kí ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú. Bí kò bá yí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sítátà mọ́.

Lẹ́yìn etí, mítà. Bátìrì tí ó kún yóò ka bíi 12.6 fóólìtì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi. Bí ó bá wà lábẹ́ 12.2, ẹ gbé e lọ fún àwọn tí ń ṣá bátìrì kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́, kò yẹ kí ó lọ sílẹ̀ ju bíi 9.6 lọ. Bí bátìrì bá yege, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan lé orí bátìrì tí ó ní àmì ròpọ̀, ẹ fi èkejì lé nọ́ọ̀tì wáyà ńlá lára sítátà, kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá ka ju ìdajì fóólìtì lọ, inú wáyà yẹn ni iná ń ṣòfò sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí bátìrì tí ó ní àmì yíyọ sí ara irin sítátà náà. Ìgbà tí bátìrì àti wáyà bá yege tán ni a tó lè dá sítátà lẹ́bi.

Ó tún ku ìbéèrè kan: ṣé gbogbo sítátà ni ó bàjẹ́ ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, oníná ọkọ̀ lè pààrọ̀ káábọ̀nù nìkan, tàbí búùṣì, tàbí bàbà sólénọ́ìdì. Àwọn sítátà Toyota kan wà tí bàbà inú sólénọ́ìdì wọn máa ń jẹ kí ìyókù tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó tú u wò kí ẹ tó lọ sí ọjà.

BÍ A ṢE Ń TÚ U

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, tí ilẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kí ẹ fi í sí àpò yín. Ní àpò tiyín ni o, kì í ṣe lórí àga ọkọ̀ níbi tí ọmọdé ti lè rí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, nítorí irin ni wọ́n.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí sípánà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni orí bátìrì tí ó ní àmì yíyọ. Òun ni kí ẹ tú, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì gbé e sápá kan. Kí ló dé tí kì í ṣe èkejì? Ara ọkọ̀ ni a so àmì yíyọ mọ́. Bí ẹ bá ń tú àmì ròpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ tí ìdí sípánà kan ara ọkọ̀, iná bátìrì yóò gba inú sípánà kọjá. Bí ẹ bá ti yọ àmì yíyọ, ọ̀nà iná ti já. Èyí ni àwa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ̀ sí pípa iná ẹ̀rọ kí a tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe mu sìgá nítòsí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde níbẹ̀ lè bú gbàù.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì àti jíàbọ́ọ̀sì ti pàdé ni ẹ ó ti rí sítátà. Bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀ láti òkè, ọpẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídì í mú sókè. Búlọ́ọ̀kù ilé lè fọ́ lójijì láìfọhùn. Ẹsẹ̀ irin tí a ṣe fún un ni kí ẹ gbé ọkọ̀ lé, méjì ó kéré tán, kí ẹ mi ọkọ̀ wò kí ẹ tó wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ ní òun nìkan. Ẹni tí ó dúró níta ni yóò ké, òun ni yóò gbé jáàkì.

Ẹ ya àwòrán wáyà tàbí kí ẹ so òwú mọ́ ọn kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ẹ tú wáyà tín-ín-rín, ẹ tú èyí tí ó nípọn, lẹ́yìn náà ẹ tú bóòtù méjì tàbí mẹ́ta tí ó dè é mọ́ jíàbọ́ọ̀sì. Bí bóòtù bá kọ̀, ẹ fi òróró sí i kí ẹ sì fún un láyè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí bóòtù bá já sínú ihò rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹ tó tú bóòtù tí ó kẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ kan gbá sítátà mú. Ti ọkọ̀ kékeré lè tó kílò 3 sí 5, ti ọkọ̀ akẹ́rù wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá já lu ojú, kò mọ ẹni tí ó ní ọkọ̀.

Bí ó bá ti kúrò, ẹ tan iná wo inú ihò náà kí ẹ rí eyín fuláíwíìlì. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ yíká. Bí eyín bá ti jẹ níbì kan, sítátà tuntun yóò máa ha níbẹ̀, yóò sì tètè bàjẹ́ bíi ti ìṣáájú.

NÍ ỌJÀ, ÀTI PÍPADÀ DÈ É

Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà, ìbáà jẹ́ Àràròmí ní Agodi Gate tàbí ibòmíràn. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ kí ẹ ka eyín bẹ́ńdíìsì, kí ẹ wo ihò bóòtù, kí ẹ wo gígùn imú rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó. Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ ní kí alátà fi bátìrì dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ó sì dì í mọ́lẹ̀ gírígírí, nítorí sítátà máa ń ta bí ẹṣin. Ẹ fetí sí i: kò gbọdọ̀ ha, bẹ́ńdíìsì gbọ́dọ̀ jáde kí ó sì padà. Ẹ gba ìwé owó.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ fi ìwé yanrìn nu ojú ibi tí yóò ti fara kan jíàbọ́ọ̀sì, torí ibẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ́kọ́ yí bóòtù wọlé kí sípánà tó tẹ̀lé e. Ẹ de wáyà ńlá kí ó le, ṣùgbọ́n ẹ má fi ipá fún un. Bí bàbà rẹ̀ bá yí nínú sólénọ́ìdì, owó mìíràn nìyẹn. Àmì yíyọ bátìrì tí ó kọ́kọ́ kúrò, òun ni yóò kẹ́yìn wọlé.

Ẹ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà ní yíyí ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí ó sinmi bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ooru ni ó ń pa sítátà.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tí ó ní ọkọ̀ tí ń lo epo àti iná pọ̀, irú Toyota Prius: kò ní irú sítátà tí a ń sọ yìí rárá. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN PÉ KÍ Ẹ FI SÍLẸ̀

Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n ní gáréèjì: ẹnì kan a wọ abẹ́ ọkọ̀, a fi sukurudíráfà pa orí bàbà méjì sólénọ́ìdì pọ̀, iná a ta pàà, ọkọ̀ a gbà. Ẹ̀yin ará, bí jíà bá wọlé lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ náà kò ní dúró láti gbà. Yóò rìn, ẹni tí ó ji í sì wà níwájú táyà. Ọkọ̀ kò mọ ẹni tí ó ń bọ́ ọ.

Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, wà fún ìpalára tí ó bá ti ara iṣẹ́ wá. Ẹni tí ọkọ̀ ara rẹ̀ bá jábọ́ lé ní àgbàlá ilé, kí ni yóò tọ́ka sí? Ìyàwó, ọkọ àti àwọn ọmọ ni yóò ru ẹrù náà. Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni ẹ ń fi ṣiṣẹ́, ta ni ó yẹ kí ó ra sítátà? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò ní ìwé kankan láàárín òun àti ọlọ́kọ̀, òun ni ó fi ń jẹ́ pé ohunkóhun tí ó bá bàjẹ́, ọrùn awakọ̀ ni ó ń já sí.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni a gbé wá síwájú ẹ̀ka. Kí a dá owó ra ẹsẹ̀ irin mẹ́rin àti mítà kan, kí wọ́n wà ní ilé ẹgbẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lò wọ́n fọwọ́ sí ìwé kí ó sì dá wọn padà. Kí gbogbo awakọ̀ tí ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ bèèrè fún ìwé àdéhùn tí yóò sọ ẹni tí yóò ra ohun tí ó bá bàjẹ́, kí akọ̀wé ẹ̀ka sì bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ná wa ní kọ́bọ̀: kí ẹnikẹ́ni nínú wa má tún wọ abẹ́ ọkọ̀ ní òun nìkan. Bí aládùúgbò yín bá ń tú ọkọ̀, ẹ lọ dúró tì í.

Àábò tí a bá ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí àwa náà fún ara wa.